Òǹtẹ̀ "Kò Ní Ìbéèrè"

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ náà. Adájọ́ kọ́, ìjọba kọ́. Èmi akọ̀wé kóòtù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Akọ̀wé, ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá agbẹ́-òǹtẹ̀ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo ní kó gbẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi: OLÙJẸ́JỌ́ KÒ NÍ ÌBÉÈRÈ. Ó bi mí bóyá kí òun ya òdòdó díẹ̀ sí i létí. Mo ní rárá, ilé ẹjọ́ kì í ṣe ilé ìgbéyàwó.

Ẹ má tíì bínú, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ ná. Ní kóòtù wa, bí ẹlẹ́rìí bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, adájọ́ gbọ́dọ̀ yíjú sí olùjẹ́jọ́ kó sì bi í pé, "Ṣé o ní ìbéèrè fún ẹlẹ́rìí yìí?" Òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní lọ́yà, lọ́yà rẹ̀ á dìde, á tún ẹ̀wù dúdú rẹ̀ ṣe, á sì da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí títí onítọ̀hún á fi gbàgbé orúkọ ìyá tó bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní lọ́yà, tó jẹ́ òun àti orí rẹ̀ nìkan ló wá, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbéèrè. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ mọ́ òun lójú gbogbo ayé. Á ní, "Olúwa mi, irọ́ ló ń pa!" Adájọ́ á ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè." Á ní, "Mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà." Adájọ́ á ní, "Mo ní kí o bi í ní ìbéèrè, mi ò ní kí o rojọ́. Àsìkò tìrẹ ń bọ̀." Ọkùnrin náà á dákẹ́, èmi á sì kọ ọ́ pé kò ní ìbéèrè. Nígbà tí àsìkò tirẹ̀ bá wá dé, tó ń rojọ́ tó ń làágùn, adájọ́ á wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀, á ní, "Bí òtítọ́ lo bá ń sọ, kí ló dé tí o kò fi bi ẹlẹ́rìí nígbà tó wà níwájú rẹ?" Eku tó kó sí pàkúté sàn jù wọ́n lọ. Wọn kì í bi eku bóyá ó ní ìbéèrè.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ọwọ́ kọ gbólóhùn yẹn. Ọrùn ọwọ́ mi wú. Dókítà fún mi ní òróró ìpara, ó ní kí n dín ìwé kíkọ kù, bí ẹni pé ó sọ fún ẹja pé kó dín omi kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí nínú ìyẹn. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni pé nígbà tó yá, mo rí i pé kò sí ìdí tí mo fi ní láti dúró de ẹnu ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kí kóòtù tó jókòó, bí àwọn agbálẹ̀ ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo máa ń to fáìlì ọjọ́ náà sórí tábìlì. Ti àwọn tó ní lọ́yà, mo fi ojú ewé wọn sílẹ̀ ní òfìfo. Ti àwọn tí kò ní, mo lù ú ní òǹtẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì mu tíì mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì já mi nírọ́.

Adájọ́ tí a ní nígbà náà, Kíákíá ni à ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè parí ẹjọ́ méjìlélógún kí agogo méjìlá tó lù. Àwọn ọ̀gá òkè tiẹ̀ fún un ní aago ńlá tí wọ́n kọ "Adájọ́ Tó Yára Jù" sí, ó gbé e kọ́ sí ibi tí òun á ti máa rí i. Lórí ògiri tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: AGBẸ́JỌ́ ẸNÌKAN DÁ, ÀGBÀ ÒṢÌKÀ. Ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ kẹ́yìn sí i, àwọn olùjẹ́jọ́ nìkan ló dojú kọ ọ́, wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Oníkọ́kọ́rọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, irin ti sọ orí ìka rẹ̀ di dúdú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí ó ti ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó sì ń tún àgádágodo ṣe, kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé láti jalè. Baba Onílé kan, tó ní ilé alájà kan ní òpópónà kejì sí kóòtù, ló ní òun bá a nínú yàrá, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí Oníkọ́kọ́rọ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ìyá kan tó gba yàrá nílé náà ló ránṣẹ́ pè é pé àgádágodo ilẹ̀kùn òun ti ń há. Ó tú ti àtijọ́, ó de tuntun, ó gẹ́ kọ́kọ́rọ́ méjì. Ó fún ìyá náà ní ọ̀kan. Èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Baba Onílé já wọlé, tó ń pariwo pé ta ló fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn òun. Ó ní òun fún baba ní kọ́kọ́rọ́ kejì kí ó lè fọkàn balẹ̀. Baba gba kọ́kọ́rọ́, ó sì pe ọlọ́pàá. Ìyá tó pè é síṣẹ́ kó jáde lọ́sẹ̀ kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo bi í pé lọ́yà rẹ̀ dà.

"Mama, mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún mẹ̀kúnnù ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ mi kéré jù. Wọ́n ní ti apààyàn àti adigunjalè ni àwọn ń ṣe."

"O ò wá fi díẹ̀ kún un?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Mama, ẹ̀wọ̀n gan-an kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní ó jẹ́, oṣù mẹ́fà á lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fọ́lé, ta ni yóò tún pè mí wá sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti tán nìyẹn. Iṣẹ́ yìí kò ju kí èèyàn fọkàn tán ọ lọ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní adájọ́ á ní kí n béèrè ìbéèrè. Kí ni wọ́n ń pè ní ìbéèrè gan-an?"

Àkọlé kan wà lórí ilẹ̀kùn wa pé òṣìṣẹ́ kóòtù kò gbọdọ̀ gba olùjẹ́jọ́ nímọ̀ràn. Mo nawọ́ sí i. Ó kà á, ó sì mirí bí ẹni tí kò bínú. Ojú tó fi wò mí yẹn ló mú mi bínú sí ara mi. Mo ní, "Tí oníbàárà bá pè ọ́, ṣé o kì í bi í bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣe kí o tó tú u?"

"Mo máa ń bi í."

"Ìyẹn náà ni. Má bi mí mọ́."

Mo wọlé, mo jókòó. Fáìlì rẹ̀ wà níwájú mi. Mo ti lù ú ní òǹtẹ̀ láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn.

Baba Onílé búra, ó sì rojọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ó bá olè nínú ilé, ó rí irinṣẹ́, ó ké sí ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì tó ń rojọ́ fún ìjọba kí i kú iṣẹ́. Kíákíá wo aago rẹ̀, ó wo Oníkọ́kọ́rọ́.

"Ṣé o ní ìbéèrè fún ẹlẹ́rìí yìí?"

"Olúwa mi, baba yìí mọ̀ pé èmi kì í ṣe—"

"Ìbéèrè!"

Oníkọ́kọ́rọ́ fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ki irin bọ inú àgádágodo tó ń fetí sí i. Àwọn ẹlẹ́jọ́ tó wà lórí bẹ́ńṣì ń mí kanlẹ̀. Sájẹ́ńtì ti ń wá fáìlì tó kàn. Ló bá ní,

"Baba, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fi ti ilẹ̀kùn yẹn kí ẹ tó máa bọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Baba Onílé kò ronú rárá. Ó kiwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan. "Èyí náà ni. Ṣé o tún fẹ́ jí i ni?"

"Ta ló fún yín, sà?"

"Ìwọ náà kọ́ ni? Ta ni ì bá tún fún mi?"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì pàápàá rẹ́rìn-ín, mo fojú mi rí i. Olè wo ló ń de àgádágodo tuntun sí ilẹ̀kùn ẹni, tó tún ń fún onílé ní kọ́kọ́rọ́? Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí lọ́yà kankan béèrè ohun tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀. Mo ń wo Oníkọ́kọ́rọ́, inú mi ń dùn bí ẹni pé ọmọ mi ló gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Kíákíá lu tábìlì, ó ní ó tó, ó sún ẹjọ́ síwájú di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Òun kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé tèmi ni kóòtù ń gbára lé.

Mo wá wo ìwé tèmi. OLÙJẸ́JỌ́ KÒ NÍ ÌBÉÈRÈ.

Ó yẹ kí n fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ ó rò pé bírò lásán ni nǹkan yẹn gbà. Ẹni tó bá fagi lé òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí adájọ́ fọwọ́ sí i. Kí ni mo fẹ́ kọ? Pé òǹtẹ̀ ṣáájú ẹnu? Oṣù méje péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo ní n ó wá ọgbọ́n dá sí i lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, fáìlì ogún ló wà lórí tábìlì mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ fún wa ohun tí à á ṣe tí òtítọ́ bá dé tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti gbé Kíákíá lọ sí kóòtù ńlá, nítorí pé ó yára. Obìnrin ni adájọ́ tuntun, ó fara balẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ̀wé, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ó ṣàlàyé fún Oníkọ́kọ́rọ́ pé ọ̀nà méjì ló wà: kí àwọn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí, bí ó bá gbà, kí òun dá a lórí ohun tó ti wà nínú ìwé.

Ojú Oníkọ́kọ́rọ́ tàn. "Mo gbà, Olúwa mi! Ẹ dá a lórí ìwé. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mama ló ń kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rí wọn." Ó yíjú sí mi, ó tẹrí ba díẹ̀, bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wá lóore.

Ojú gbà mí tì. Mo ti rí apààyàn tó wò mí tí ara mi kò bù máṣọ, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ yẹn wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo dìde. Mo ní, "Olúwa mi, irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn. Mo ti lù ú ní òǹtẹ̀ kí ọkùnrin yìí tó lanu. Ó béèrè ìbéèrè, baba sì dá a lóhùn."

Adájọ́ tuntun gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mi bá òun lójijì, ó sì ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá nípa ìwà mi. Ṣùgbọ́n ní ti ẹjọ́, ó ní kò sí wàhálà, kóòtù òun kóòtù òdodo ni. A ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì òní. Mo ń dúró kó bi mí pé àwọn mélòó ni mo ti lù bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, àti pé ibo ni wọ́n wà báyìí. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Kò bi mí.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Baba Onílé tún búra, ó tún ka ìwé ìròyìn rẹ̀. Adájọ́ tuntun rọra yíjú sí Oníkọ́kọ́rọ́, ó ní kó má bẹ̀rù, kó fara balẹ̀ béèrè ohunkóhun tó bá fẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ ti mọ iṣẹ́ báyìí. Ó na ara rẹ̀ ró.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fi ti ilẹ̀kùn yẹn láàárọ̀ yìí?"

Baba Onílé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan tó ń dán yinrin, tí ike aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀. "Èyí ni."

Oníkọ́kọ́rọ́ na ọrùn wo kọ́kọ́rọ́ náà. "Ta ló fún yín, sà?"

"Oníkọ́kọ́rọ́ gidi kan ló bá mi pààrọ̀ àgádágodo náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ mi."

"Èyí tí mo fún yín ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò gba kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ rí."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Èyí tí baba sọ níjọ́sí ti balẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo tó yẹ kó gbà á sílẹ̀, òǹtẹ̀ mi ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́jọ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní ti tú ká, ìdajì wọn ti wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Kíákíá. Ó fèsì pé òun kò lè rántí ẹjọ́ kan nínú méjìlélógún. Sájẹ́ńtì ní iṣẹ́ òun ni láti béèrè ìbéèrè, kì í ṣe láti dáhùn. Nígbà tí adájọ́ wá ní kí Oníkọ́kọ́rọ́ pe ẹlẹ́rìí tó bá ní, ó nawọ́ sí mi.

Ẹ wo èmi àgbàlagbà tí mo dìde lórí àga tí mo ti jókòó sí láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí mo rin ìṣísẹ̀ méje lọ síbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Wọ́n ní kí atẹ̀wé, ọmọbìnrin kan tó ń bá wa tẹ ìwé, wá bá mi di ipò mi mú. Mo búra. Oníkọ́kọ́rọ́ bi mí ohun tó yẹ, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò bọ́ sílẹ̀. Sájẹ́ńtì wá dìde, ó mú fáìlì lọ́wọ́.

"Mama, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló buwọ́ lu ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Pé olùjẹ́jọ́ kò ní ìbéèrè."

"Ṣé òtítọ́ ni?"

"Irọ́ ni."

"Nítorí náà, ìgbà míì wà tí ẹ máa ń buwọ́ lu irọ́."

Mo la ẹnu láti sọ ti ọwọ́ tó ń wú, ti fáìlì ogún lójúmọ́, ti ìfẹ̀yìntì. Ó ní, "Mama, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò tún ní nǹkan bi wọ́n mọ́, Olúwa mi."

Adájọ́ kọ̀wé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹlẹ́rìí tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun buwọ́ lu irọ́, kóòtù kò lè gbára lé e. Ó ní ohun tí baba sọ dúró. Ó wá yin kóòtù. Ó ní nínú gbogbo ẹjọ́ tí òun ti dá, òun kò rí ẹni tí wọ́n fún láàyè tó olùjẹ́jọ́ yìí: adájọ́ méjì ló gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè ìbéèrè, akọ̀wé kóòtù fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí fún un. Ó ní àwọn tó ní lọ́yà gan-an kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní oṣù mẹ́fà.

Oníkọ́kọ́rọ́ kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ yé ọ?" adájọ́ bi í, ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Rárá, Olúwa mi. Kò yé mi."

Atẹ̀wé wo fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo mọ fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Ibì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí a lè fàmì sí: *A ti ṣàlàyé ìdájọ́ fún un, ó sì yé e.* Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, ó fojú bi mí pé kí lòun máa ṣe. Mo mi orí fún un pé kó má fàmì sí i. Ó wo adájọ́, ó wo ìlà àwọn tó ṣì ń dúró lórí bẹ́ńṣì, ó wá fàmì sí i. Adájọ́ ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.